Àwọn Nymph Kì í Ṣe Ọmọge Orí Àwòrán

Inú mi kì í dùn sí bí ayé ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn nymph, àwọn òrìṣà obìnrin tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ gbà pé àwọn ló ni omi, igi, òkè àti ihò àpáta. Ẹ wá orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ọmọge oníhòòhò tó ń wẹ̀ lódò, irun gígùn, ojú bí ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n ti sọ wọ́n di ọ̀ṣọ́ ilé. Lójú tèmi, ìwọ̀sí ni, ó sì ti bo ohun kan tó jinlẹ̀ gan-an nínú ẹ̀sìn àwọn èèyàn yẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ wo èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn àwòrán náà, èyí tí John William Waterhouse yà ní 1896, tó wà ní ilé àwòrán ìlú Manchester. Hylas, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀ lé akọni Heracles, wá pọnmi. Ọmọge méje yọrí láàárín òṣíbàtà, wọ́n ń fà á lọ́wọ́, ojú gbogbo wọn sì jọra bíi ti ìbejì. Ní oṣù kìíní 2018, ilé àwòrán náà gbé e kúrò lára ògiri fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn èèyàn lè jíròrò bí àwọn ayàwòrán ayé ọjọ́un ṣe ń fi ara obìnrin ṣe ìran. Ariwo ta. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ fòfin de iṣẹ́ ọnà, àwọn mìíràn ní ó ti yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Nínú gbogbo èyí tí mo kà, n kò rí ẹnì kan tó béèrè ohun tí àwọn Gíríìkì fúnra wọn sọ nípa àwọn tó ni odò yẹn.

Wọ́n sì sọ ọ́. Theocritus, akéwì tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, kọ ìtàn Hylas kan náà. Mẹ́ta péré ni nymph inú tirẹ̀, ó sì dárúkọ wọn: Eunica, Malis, Nycheia. Ó ní wọn kì í sùn. Ó ní òrìṣà abanilẹ́rù ni wọ́n lójú àwọn ará oko. Ará oko ló pè o, kò pe ọba, kò pe ọ̀mọ̀wé. Àwọn tí wọ́n ń da ewúrẹ́, tí wọ́n ń gbin ólífì, tí wọ́n sì ní láti lọ pọnmi ní ìsun yẹn láàárọ̀ ọ̀la, àwọn ló mọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n yára to orúkọ wọn, torí ó wúlò láti mọ̀ ọ́n. Naiad ni ti ìsun omi àti odò. Dryad ni ti igi. Oread ni ti òkè. Àádọ́ta ọmọbìnrin Nereus, àwọn Nereid, ń gbé inú òkun, Thetis ìyá Achilles sì wà lára wọn. Hesiod, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ní ọmọbìnrin Oceanus, òrìṣà omi, pé 3,000, wọ́n fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ àti ibú omi. Lókè gbogbo wọn ni àwọn òrìṣà ńlá wà: Gaia tí í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀, Demeter oníkórè, Artemis tó ni ẹranko igbó.

Kí ló wá dé tí wọ́n ka omi sí tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó dàgbà sí ibi tí òjò ti ń rọ̀ oṣù méje lọ́dún lè má tètè rí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù Gíríìsì, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ. Odò á gbẹ, á ku òkúta nìkan ní ojú ọ̀nà rẹ̀. Àmọ́ irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ló pọ̀ jù lára àwọn òkè ibẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ nígbà òtútù á wọ inú àpáta náà lọ, á máa rìn nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á wá tú jáde ní ẹsẹ̀ òkè, ní tútù nini, nígbà tí gbogbo ayé ń gbẹ. Bí ẹ bá rí omi tó ń jáde látinú àpáta gbígbẹ ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sí odò nítòsí, ṣé ẹ̀yin náà ò ní gbà pé ẹnì kan ń gbé inú rẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí èèwọ̀ fi pọ̀ nípa omi. Hesiod kìlọ̀ fún àgbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ la odò kọjá láìkọ́kọ́ wojú omi kó gbàdúrà, kó sì fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ tọ̀ sínú ìsun. Nínú ìtàn Odysseus, ọba Ithaca tó pẹ́ lẹ́yìn odi kó tó padà wálé, ìsun kan wà lẹ́bàá ọ̀nà ìlú Ithaca tí gbogbo ìlú ti ń pọnmi. Homer, akéwì tó sọ ìtàn náà, dárúkọ àwọn mẹ́ta tó kọ́ ọ, ó ní igi poplar yí i ká, omi tútù ń ṣàn bọ̀ láti orí àpáta, pẹpẹ àwọn nymph sì wà lókè rẹ̀ tí gbogbo èrò ọ̀nà ti ń rúbọ. Ibẹ̀ ni Melanthius, darandaran ewúrẹ́, ti ta Odysseus nípàá nígbà tó múra bí alágbe. Kíá ni Eumaeus tó ń tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ gbójú sókè pe àwọn nymph ìsun náà, ó rán wọn létí itan ẹran tí ọ̀gá rẹ̀ ti sun fún wọn rí, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ mú un padà wálé. Olùtọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ ló gbàdúrà yìí, ẹni tó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ̀. Òun àti àwọn nymph mọ ara wọn bí aládùúgbò ṣe ń mọ ara wọn ni.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹni inú ìtàn rárá. Archedamos ni orúkọ rẹ̀, ọmọ erékùṣù Thera, ó sì gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù. Ihò àpáta kan wà lára òkè Hymettus, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Vari, kò jìnnà sí Áténì. Ọkùnrin yìí wọ inú rẹ̀, ó ń gbẹ́ òkúta. Ó gbẹ́ pẹpẹ, ó gbẹ́ àwòrán ara rẹ̀ sára ògiri àpáta, tòun ti irinṣẹ́ ìgbẹ́kùúta lọ́wọ́, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó kọ ọ́ pé òun Archedamos ará Thera, ẹni tí àwọn nymph ti mú, òun ló tún ihò náà ṣe bí wọ́n ṣe ní kí òun ṣe é. Ó tún gbin ọgbà fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ẹni tí òrìṣà gùn rí mọ ohun tó ń sọ. Kò sí ọba kankan tó bẹ iṣẹ́ yẹn lọ́wẹ̀. Àjèjì ni, kì í ṣe ọmọ Áténì, ó kàn fi agbára apá rẹ̀ sin àwọn tó pè é.

Ohun kan tún wà nínú ihò yẹn tó máa ń múnú mi dùn. Wọ́n kọ òfin kan sára òkúta ibẹ̀: kí àwọn èèyàn máa fọ ìfun ẹran lóde, kí wọ́n sì kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù. Ẹ rí i bí ó ṣe rí gan-an? Àwọn èèyàn ń pa ẹran níbẹ̀, wọ́n ń fọ ìfun, ibẹ̀ ń rùn, ẹnì kan wá bínú, ó ní ilé àwọn òrìṣà wa kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Kò sí ayàwòrán kankan tó máa ya ìyẹn fún yín.

Ní 1934, nínú ihò mìíràn lẹ́bàá abúlé Pitsa, ní apá Kọ́ríńtì, wọ́n rí pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ti kùn lọ́dà láti nǹkan bí 540 sí 530 ṣáájú ìbí Jésù. Pákó kì í pẹ́ jẹrà, àwọn wọ̀nyí ò jẹrà. Lára ọ̀kan, ìdílé kan ń lọ rúbọ sí àwọn nymph: obìnrin gbé ohun ìrúbọ sórí, ọmọdékùnrin ń fa ọ̀dọ́ àgùntàn, ẹnì kan ń fun fèrè, ẹnì kan ń ta ohun èlò olókùn. Pupa àti búlúù ara aṣọ wọn ṣì hàn. Gbogbo wọn wọṣọ dáadáa bí ẹni tó ń lọ òde. Àwòrán nymph tó yẹ kó gbajúmọ̀ nìyí, àwòrán àwọn tó gbà wọ́n gbọ́.

Níbi tó ga jù lójú mi nínú ìgbàgbọ́ yìí, àwọn Gíríìkì ò sọ pé àwọn nymph ò lè kú. Orin àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń yin Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́, sọ̀rọ̀ àwọn nymph òkè Ida tó máa tọ́ ọmọ rẹ̀ Aeneas. Ó ní wọn ò sí lára ẹni kíkú, wọn ò sì sí lára aláìkú. Wọ́n ń pẹ́ láyé, wọ́n ń jẹ oúnjẹ àwọn òrìṣà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí wọn ni igi páìnì tàbí igi óákù á hù pẹ̀lú wọn, igi tí ẹnikẹ́ni kì í fi irin gé. Tí ikú bá dé, igi náà ló máa kọ́kọ́ gbẹ lórí ìdúró, èèpo á ká kò, ẹ̀ka á já, ẹ̀mí àwọn méjèèjì á wá jáde pọ̀. Mo ti ka èyí láìmọye ìgbà, ó ṣì máa ń mú mi. Òrìṣà tí ẹ lè pa nìyí, àáké lásán sì lẹ máa fi pa á.

Ẹ wá ro ti Erysichthon mọ́ ọn, bí akéwì Gíríìkì Callimachus ṣe sọ ọ́. Ọmọ ọba Triopas ni. Ó kó ogún géńdé pẹ̀lú àáké wọ igbó mímọ́ Demeter. Igi poplar ńlá kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ ń kan ọ̀run, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn nymph ti ń ṣeré lọ́sàn-án gangan. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣá, ó sì ké sí àwọn igi yòókù. Demeter gbọ́. Ó gbé àwọ̀ Nikippe, obìnrin àbọrẹ̀ rẹ̀, wọ̀, ó fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ó ní, ọmọ mi, fi í sílẹ̀. Ọmọ náà lejú mọ́ ọn, ó ní kó kúrò níbẹ̀ kí òun tó fi àáké ṣá a, igi yìí lòun máa fi kọ́ gbọ̀ngàn tí òun àti ọ̀rẹ́ òun á ti máa jẹun. Demeter ní, ó dáa, kọ́ ọ, oúnjẹ ni wàá máa jẹ láti ìsinsìnyí lọ.

Ebi wọ ọ́ lára. Ogún èèyàn ń se oúnjẹ fún un, méjìlá ń bu wáìnì, kò yó. Ìtìjú kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sọ òótọ́ fáwọn tó ń pè é sí àpèjẹ: á ní ó lọ gba gbèsè màlúù, tàbí pé ẹlẹ́dẹ̀ igbó ṣe é léṣe. Ó jẹ ìbaaka tán, ó jẹ màlúù tí ìyá rẹ̀ ń sìn fún òrìṣà ààrò, ó jẹ ẹṣin eré ìje àti ẹṣin ogun, ó jẹ ológbò ilé. Ìgbẹ̀yìn ni pé ọmọ ọba jókòó sí oríta, ó ń tọrọ òkèlè. Àwọn tó ń sọ pé ìtàn Gíríìsì ò ju ìfẹ́ àti ogun lọ ò tíì ka èyí.

Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ wá ni ti àwọn tí ọkùnrin lé: Daphne tó di igi nítorí òrìṣà Apollo, Syrinx tó di esùsú nítorí òrìṣà Pan, Arethusa tó di ìsun omi, tí ìsun náà ṣì wà ní erékùṣù Ortygia ní Sísílì, létí òkun gan-an. Ovid, akéwì Róòmù, ló sọ wọ́n di olókìkí. Ó kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí Daphne di igi, Apollo ní, bí o kò bá lè jẹ́ aya mi, wàá jẹ́ igi mi. N kò ní kí wọ́n má sọ ìtàn wọ̀nyí mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n máa ń pè é ní ìtàn ìfẹ́. Ọmọbìnrin tó sá títí tó fi yàn láti má jẹ́ èèyàn mọ́, níbo ni ìfẹ́ wà níbẹ̀?

Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé Ọ̀ṣun ni wọ́n ń sọ yẹn, orúkọ ló yàtọ̀. N kò gbà. Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo ló dé Brazil àti Cuba, tí wọ́n ń bọ ọ́ níbẹ̀ títí dòní. Nymph ìsun kan, ìsun yẹn nìkan ló ni, ìlú kejì lè má mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀ṣun sì ní àbọrẹ̀ tó wà láàyè, ẹ lè lọ bi í léèrè. Ti Gíríìsì, òkúta ló kù tí a ń bi. Ní oṣù kọkànlá 392 lẹ́yìn ìbí Jésù, olú-ọba Róòmù Theodosius ṣòfin tó ka dídi ọ̀já mọ́ igi pàápàá mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó bá ṣe é, ilé tàbí ilẹ̀ tó ti ṣe é á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn ará abúlé Gíríìsì ṣì ń sọ ìtàn Neraida títí wọ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún: obìnrin aláṣọ funfun tó ń jó létí ìsun lọ́sàn-án gangan, wákàtí kan náà tí àwọn nymph inú ìtàn Callimachus ń ṣeré. Ọkùnrin tó bá jí ìborùn rẹ̀ pamọ́ á fi í ṣaya, títí obìnrin náà á fi rí ìborùn, tí á sì lọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn ọdẹ tó gbé awọ ẹfọ̀n Ọya pamọ́ á gbọ́ èyí lágbọ̀ọ́yé.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa wọn, ẹ fi Ovid sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ wá orin tí Callimachus fi yin Demeter, kò gùn, ẹ máa kà á tán lórí ìjókòó kan.