Irọ́ ni pé owó ilé-ìwé òkèèrè kì í padà

Láti Ìtọ́kù dé Pánṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta, ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí tó fẹ́ rán ọmọ lọ kàwé ní òkèèrè ni pé owó tó bá ti wọ àpò ilé-ìwé òyìnbó, ó wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bí wọn ò bá fún ọmọ ní físà, ẹ gbà fún Ọlọ́run. Mo mọ ìyá aládìrẹ kan tó gbà bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́run, lórí owó tó ju gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Ọsirélíà, níbi tó ti hàn kedere jù. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ní òfin tí wọ́n ń pè ní ESOS, tí wọ́n ṣe torí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ mìíràn. Bí wọn ò bá fún ọmọ ní físà, tí kò fi lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, dandan ni kí ilé-ìwé dá owó rẹ̀ padà. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lè yọ, tàbí 500 dọ́là ibẹ̀, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì. Ẹni tó san 12,000 dọ́là, 11,500 ló gbọ́dọ̀ gbà padà. Kódà bí ilé-ìwé bá kógbá wọlé lójijì, ọjọ́ 14 ló ní láti fi wá ibòmíràn fún ọmọ tàbí kó dá owó ẹ̀kọ́ tí kò tíì kọ́ padà. Bí kò bá ṣe é, àjọ TPS, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2012 láti dáàbò bo owó ilé-ìwé akẹ́kọ̀ọ́, á dá sí i.

Ìlú Ọba ò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń dá dépósíìtì padà fún ẹni tí kò rí físà gbà, àyàfi bí wọ́n bá bá ayédèrú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ìlera, 776 pọ́ùn lọ́dún kan fún akẹ́kọ̀ọ́, náà ń padà. Owó físà ni kì í padà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí owó ìyá aládìrẹ? Ẹ wo risíìtì tí wọ́n fún un. Orúkọ ilé-ìwé wà lókè gàdàgbà, àmì rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àkáǹtì tí owó wọ̀, orúkọ ejẹ́ǹtì tó ń bá a ṣètò ló wà lórí rẹ̀, báǹkì Nàìjíríà sì ni. Ilé-ìwé ò rí kọ́bọ̀. Òfin wo ló fẹ́ gba ohun tí ilé-ìwé ò gbà? Ìmeèlì tí wọ́n fi forúkọ ọmọ sílẹ̀ pàápàá, ejẹ́ǹtì ló ṣí i, òun nìkan ló mọ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. Ọmọ ò fojú kan ìwé àdéhùn, bẹ́ẹ̀ inú ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ bí owó ṣe ń padà sí. Ní Ọsirélíà, ilé-ìwé ò gbọdọ̀ gba owó láìjẹ́ pé ọmọ ti fara mọ́ àdéhùn náà.

Ti ọmọ tó rí físà, tó dé ọ̀hún, tó wá pa ilé-ìwé tì torí iṣẹ́ yàtọ̀ o. Ohun tí àdéhùn bá sọ ló máa rí gbà, físà rẹ̀ sì lè bá a lọ, torí orí ìforúkọsílẹ̀ ni físà náà dúró lé.

Ẹni tó bá fẹ́ sanwó lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ́kọ́ wá orúkọ ilé-ìwé náà lórí CRICOS, ìyẹn àkójọ ilé-ìwé tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí fún akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, bó bá jẹ́ Ọsirélíà, tàbí nínú àkójọ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí bó bá jẹ́ Ìlú Ọba. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kó gba nọ́ńbà àkáǹtì láti ọwọ́ ilé-ìwé fúnra rẹ̀, kó sì jẹ́ ọmọ ló máa ṣí ìmeèlì.