Akẹtẹ̀ Dé Accra

Ogun ò kó Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Akẹtẹ̀ ló kó o. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ dúró ní Tákíè lálẹ́ Jímọ̀ tí ọkọ̀ bá ń kó àwọn tó fẹ́ lọ fi akẹtẹ̀ ya fọ́tò ní Accra. Èrò mẹ́rìnlá, akẹtẹ̀ mẹ́rìnlá, ilẹ̀kùn kan. Orí á wọlé, akẹtẹ̀ á kọ̀ síta. Wọ́n á gbé e ní ìbú, á há. Wọ́n á gbé e lóòró, á gún ẹni tó ti jókòó lójú. Ibi tó máa ń já sí ni pé kálukú á gbé tirẹ̀ lé itan bí ẹni gbé àwo àmàlà, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú láti ibí dé Gánà. Tí etí akẹtẹ̀ bá fi lè tẹ̀, ìrìn àjò bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yìn àwọn arìnrìn-àjò wa yìí ná, nítorí irú ètò yìí, orí pípé ló ń ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta, òru mẹ́ta, ni wọ́n kọ sára ìwé ìpolówó. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí ìjókòó ọkọ̀ ni méjì nínú òru náà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó lé ní 200 kìlómítà, láti Èkó dé Accra lé ní 450. Ẹ ro àlọ mọ́ àbọ̀, ó di 1,300. Ẹni tó kúrò nílé lálẹ́ Jímọ̀, tó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìgbà wo ló fẹ́ wo ìlú? Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló kù sí i lọ́wọ́, nígbà tí àwọn onílé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì wà ní títì. Ọgbọ́n ńlá ni o. Àwa tá a rò pé ìlú lèèyàn ń lọ wò, àwa la gọ̀.

Ẹ tún wo sùúrù wọn. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà yẹn: Sẹ̀mẹ̀ láàárín àwa àti Benin, Hilla-Condji láàárín Benin àti Tógò, Aflao láàárín Tógò àti Gánà. Níbi kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ ìjáde kan, òǹtẹ̀ ìwọlé kan. Mẹ́fà ní àlọ, mẹ́fà ní àbọ̀. Kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ará ìmíígíréṣọ̀n á wo ojú inú páásípọ́ọ̀tù, á gbójú sókè láti wo ẹni tó ni ín, akẹtẹ̀ ni yóò rí. "Ṣí i." Ìjòyè tó ń lọ kí Ṣọ̀ún láàfin lẹ́ẹ̀kan lóṣù, iye ìgbà tó ń ṣí fìlà lọ́dún gbáko nìyẹn. Àwọn tiwa ṣí i tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, fún àwọn tí kò tilẹ̀ kí wọn káàbọ̀.

Síbẹ̀, èyí tó dùn jù ni pé ibi tí wọ́n ti ń ta akẹtẹ̀ ni wọ́n ru akẹtẹ̀ lọ. Àwọn ará Bolgatanga, lápá àríwá Gánà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni híhun apẹ̀rẹ̀ àti fìlà koríko. Ọjà iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Arts Centre ni wọ́n ti ń tà á ní Accra, kò jìnnà sí ibojì Nkrumah, ààrẹ àkọ́kọ́ Gánà, kò sì jìnnà sí pápá tí wọ́n ń lọ ya fọ́tò. Èèyàn lè fi orí òfìfo dé Accra, kó ná akẹtẹ̀ ní ìdajì iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè é, kó máa tibẹ̀ sún un díẹ̀díẹ̀, kó sì dé e lọ síbi fọ́tò láì ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi wá? Nígbà tó jẹ́ pé inú báàgì Ghana-must-go ni wọ́n tún kó aṣọ sí! Báàgì tó gba orúkọ ní 1983 nígbà tá a lé àwọn ará Gánà kúrò nílẹ̀ wa, òun ni wọ́n gbé kọjá lójú àwọn ọmọ ẹni tá a lé, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó dáa, wọ́n ti dé Black Star Square. Etí òkun gan-an ni pápá náà wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò mọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo fọ́tò wọn fi jọra. Ọwọ́ ọ̀tún á wà lórí. Bí ó bá rẹ ọwọ́ ọ̀tún, òsì á gbà á. Bí afẹ́fẹ́ bá le díẹ̀ sí i, ọwọ́ méjèèjì lókè, ẹnu ní yíyà, aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ yẹ ogún fọ́tò wò, ogún ọwọ́ lórí. Wọ́n á wá kọ "Independence Arch" sábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Black Star Gate ni wọ́n dúró sí. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì! Èyí tí ìràwọ̀ dúdú wà lórí rẹ̀, tí wọ́n kọ "AD 1957" sí lára, tó wà ní oríta lódìkejì títì, Gate nìyẹn. Arch ni èyí tó wà nínú pápá níhà òkun. Ẹni tó rin 650 kìlómítà lọ wo nǹkan kan, ṣé kò yẹ kó mọ orúkọ rẹ̀ ni? Fìlà abetí ajá wà nílé, a hun òfì Ìsẹ́yìn, a fi rán an. Kò sí afẹ́fẹ́ òkun tó lè ṣí i lórí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dé. Wọ́n ní ti àgbà nìyẹn. Ẹ máa dé àtẹ nìṣó.

Ẹ̀fẹ̀ tán. Ìbínú ló kù.

Nínú ọgbà Nkrumah, lórí pápá tí àwọn òyìnbó ti ń gbá pólò tẹ́lẹ̀, ère rẹ̀ dúró síbi tó ti kéde òmìnira ní oṣù kẹta 1957. Iwájú ère yẹn ni wọ́n tò sí, wọ́n na ọwọ́ kan bíi tirẹ̀, wọ́n fi èkejì di akẹtẹ̀ mú. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ère mìíràn wà tí kò lórí. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n fọ́ ọ. Orí rẹ̀ sọnù, ọdún 2009 ni ẹni tó tọ́jú rẹ̀ tó dá a padà, ó wà lórí òpó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ọmọ ìlú tó jẹ́ pé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí Ògúnlọlá gé la fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹ rí orí tí wọ́n gé, ẹ ò tiẹ̀ yà síbẹ̀! Àtẹ́lẹ́sẹ̀ yín ò tẹ ẹ̀yìn ọgbà, nítorí òjìji wà níbẹ̀, fọ́tò ò ní mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ bó ṣe yẹ. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kó kọ́kọ́ gbà, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú, torí káàdì yẹ́lò kì í ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé. Àwọn kan ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́; ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀fọn ń ka káàdì. Kò nílò físà, àdéhùn ECOWAS láti 1979 ti fún wa ní 90 ọjọ́. Owó ni wọ́n ti ń ta wọ́n nídìí jù. Wọ́n á kó gbogbo náírà di séfà ní Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á tún kó séfà di sídì ní Aflao, ẹ̀ẹ̀mejì ni oníṣẹ́ńjì jẹ lórí owó kan ṣoṣo. Ìwọ̀nba séfà tó máa ra oúnjẹ àti omi ni kí ẹ gbà, kan náà ni Benin àti Tógò ń ná. Ìyókù, ẹ fi náírà gba sídì. Kí ẹ sì kà á kí ẹ tó jọ̀wọ́ tiyín. Tẹ́ ẹ bá ti wọ Tógò, agogo á fi wákàtí kan padà sẹ́yìn. Fóònù á yí ara rẹ̀, èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́ yín ò ní yí, ẹ ó wá máa bá awakọ̀ jà pé ó pẹ́. Ẹ sì fún ìlú ní ọjọ́ mẹ́rin, yàtọ̀ sí ọjọ́ ọ̀nà.

Nínú ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ẹ lọ sí James Town, kí ẹ bèèrè àdúgbò Ngleshie Alata. Alata ni wọ́n ń pe àwa ará ibí. Ẹ dé Accra New Town, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Lagos Town nígbà kan. Ṣé ẹni tó ń kó yín lọ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Garéjì ló mọ̀. Àwọn baba wa ti ń ru ọjà lérí tà ní Gánà láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Góòlù Kóòsì, wọ́n pọ̀ bí eṣú títí dé Tamale, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Gánà lábẹ́ Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn kan ń kà á títí dòní. Wọ́n ṣì wà láàárín wa, àwọn ìyá àgbà tó ń gbọ́ Twi, tó ń gbọ́ Haúsá, tó lè fi ojú inú rin ọjà Makọ́là ní Accra láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ọ̀nà kó tó wọkọ̀.

Ìgbà tí àwọn alákẹtẹ̀ bá ti àjò dé tán ni wọ́n máa ń mú fóònù lọ bá àwọn ìyá yìí. "Ìyá, ẹ wo Accra." Ìyá á sún gíláàsì sókè, á gba fóònù, á wo ọmọ ọmọ rẹ̀ tó dúró létí òkun, tó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, tó ya ẹnu. Á dìde láìmọ̀.

"Yéè! Ta ló kú?"