Oppa Kì í Ṣe Ọ̀pá

Ọmọ àǹtí mi kan wà tí kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bùrọ̀dá. Orúkọ àbísọ ló ń là mọ́ ọn lórí, bí ẹni ń pe ajá. Ṣùgbọ́n kí òṣèré Kòríà yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, ohùn á tín-ín-rín, ọrùn á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Oppaaa!"

Kí ni oppa? Ẹ̀gbọ́n mà ni o! Ẹ̀gbọ́n tó wà lẹ́yìnkùlé tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe kò tó, ó di Seoul kó tó rí ẹ̀gbọ́n.

Àwa Yorùbá, ẹ̀gbọ́n kan náà la ní fún tọkùnrin tobìnrin. Àwọn ará Kòríà pín tiwọn sọ́nà mẹ́rin, wọ́n sì ń wo ẹnu tó ń pè é. Obìnrin ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní oppa, tó ń pe tobìnrin ní unni. Ọkùnrin ń pe tọkùnrin ní hyung, ó ń pe tobìnrin ní noona. Nítorí náà, ẹ̀yin gìrìpá onírùngbọ̀n tí ẹ ń kí ara yín ní "oppa mi", ẹ kúulé o, ẹ̀yin ọmọge.

Nínú fíìmù ayé ọba wọn, orabeoni ni wọ́n máa ń pè é. Lọ́dún 2012, Psy kọrin "Oppan Gangnam Style", gbogbo wa ń jó bí ẹni gẹṣin. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe bí ará Gangnam, àdúgbò olówó ní Seoul, ló ń wí, a ò mọ̀.

Ti pípè wá ńkọ́? P tiwọn yẹn, ètè ni wọ́n ń pa dé pinpin, kí wọ́n tó ṣí i láìfẹ́ atẹ́gùn. Tiwa ní k nínú. Bí a bá pè é tán, ó di okpa, oúnjẹ àwọn ará Enugu.

Àríwá Kòríà tilẹ̀ ṣòfin lọ́dún 2023 pé àgbàlagbà kò gbọdọ̀ pe ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ ní oppa mọ́, kọ́mréèdì ni kó máa pè é. Ọmọ àǹtí mi ìbá ti bímọ sẹ́wọ̀n.

Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni òṣèré náà. Ó ní mẹ́rìnlélógún. Òun alára pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n lóṣù tó kọjá.

"Àbúrò rẹ lò ń pè ní ẹ̀gbọ́n yẹn!"

Ó yínmú sí mi. Jẹnẹrétọ̀ bú, tẹlifíṣọ̀n tàn, ó fò sókè: "Oppa!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé: "Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn!"