Ìhìnrere tí à ń ké sétí ẹni tó ti gbọ́

Ẹni tó bá ní kí onígbàgbọ́ panu mọ́, kó máa sin Ọlọ́run rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ nínú yàrá, èmi àti olúwarẹ̀ ò lè fẹnu kò. Jésù ò fi í sílẹ̀ fún wa pé ká yàn bó bá wù wá. "Ẹ lọ sí gbogbo ayé, kí ẹ sì máa wàásù ìhìnrere fún gbogbo ẹ̀dá." Máàkù 16:15 nìyẹn, àṣẹ ni. Bí mo bá gbà tọkàntọkàn pé Jésù kú fún aráyé, tí mo wá ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́dọọdún láìdárúkọ Jésù fún wọn rí, kí ni mo gbà gbọ́ gan-an? Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ò dí wa lọ́wọ́. Abala 38 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti tan ẹ̀sìn rẹ̀ kálẹ̀, ó sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà ń lo ẹ̀tọ́ yẹn, kò sì yẹ kó dùn wá.

Bá a ṣe ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ló ń bí mi nínú.

Ìdájí ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ọkùnrin kan á dúró sí ìkòríta, á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ ronú pìwà dà, ẹ̀yin alágbèrè, ẹ̀yin ọ̀mùtí!" Ta ló ń gbọ́ ọ? Ilé tó kọjú sí i, ìyá ìjọ Áńgílíkà ló ń gbé ibẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìdílé Kérúbù ni. Lódìkejì, Álífáà tó ti jí ṣáájú rẹ̀ ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, abiyamọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ tẹ́ sùn ni, ọmọ sì ti ta jí. Ní ti àwọn ọ̀mùtí, wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n wọlé, wọ́n ti sùn lọ fọnfọn, bí wọ́n fun kàkàkí létí wọn wọn ò ní mira. Ó parí, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ Àìkú, ìgbìmọ̀ ìjíhìnrere á ka ìròyìn pé a wàásù ní àdúgbò mẹ́ta, a ó sì pàtẹ́wọ́.

Ìwàásù tó rọrùn jù láyé ni èyí tá a ń ṣe fún ẹni tí ò mọ̀ wá. Èrò inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ṣágámù ò mọ gbèsè tó o jẹ. Kò gbọ́ ọ rí nígbà tó ò ń bú ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ. Bó bá bọ́ọ́lẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń kírun mọ gbogbo rẹ̀, ó lè bi ọ́ ní ìbéèrè tí ìwé pélébé ò ní ìdáhùn sí. Ìdí nìyẹn tá a fi ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tá a wá ń pariwo fún àlejò. Bẹ́ẹ̀, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú ìdílé Ìjẹ̀bú tí mo mọ̀, ó ṣòro kó o rí èyí tí kò ní Bọ̀dé àti Ràṣídì nínú, ọmọ bàbá kan náà. Wọ́n jọ ń jẹ ẹran Iléyá. Tó bá di ọjọ́ kẹta, wọ́n á jọ wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí àwọn Mùsùlùmí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀. Ẹni tí Bọ̀dé ń wá kiri ìgboro tí yóò wàásù fún, orí àga kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi ogun ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fún ìhìnrere. Òótọ́ ni pé kí ogun Ìmágbọn, tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, tó dé lóṣù karùn-ún ọdún 1892, Ìjẹ̀bú ò fẹ́ kí àlejò gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá, àwọn míṣọ́nnárì ò sì rí àyè jókòó. Òótọ́ ni pé ìbọn òyìnbó ló ṣí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìbọn ló ń yí ọkàn padà, kí ló dé tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà fi gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú lẹ́yìn ogun yẹn, nígbà tí kì í ṣe Lèmọ́mù kankan ló kó ìbọn wá? Balógun Kúkù, tí orúkọ rẹ̀ kún ìlú lẹ́yìn ogun náà, Ìsìláàmù ló gbà nígbẹ̀yìn. Ẹ má fi ìbọn ṣe ẹlẹ́rìí Jésù. Àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa, bí James Johnson tó jẹ́ pásítọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit l'Ékòó, ló wá ń tọ́jú àwọn ìjọ tuntun ní Ìjẹ̀bú. Bíbélì odindi sì ti wà lédè Yorùbá láti 1884, ohun tí wọ́n bá sọ, o lè kà á fúnra rẹ. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ń pa ènìyàn, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí kóra jọ, wọ́n ń gbàdúrà fún aláìsàn. Inú ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ yẹn ni ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ti wá ṣẹ̀. Ilé tí àìsàn wà ni wọ́n ń lọ, ibi tí ẹlòmíì ń sá fún.

Màmá mi ta gààrí pẹ́ ní ọjà Òkè-Ajé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọjà, ẹ mọ kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lójú, ó kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dà á sínú abọ́ nílé, ẹ ó rí i pé ó dín. Ti màmá mi, ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Alhaja tí wọ́n jọ pàtẹ ń wò ó títí, ó wá bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Ṣẹ́gun, ṣé owó ò wù yín ni?" Màmá ní, "Owó wù mí gan-an. Ẹni tí mò ń sìn ló ń wo ìdí kóńgò." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Jésù ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn, wọ́n sì ń bá a bọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá dá. Ṣé Alhaja wá di onígbàgbọ́? Rárá o. Alhaja ni wọ́n ṣì ń jẹ́ títí dòní, àwọn náà sì ń pe màmá mi sí àsálátù, wọn ò jẹ́ kó sú wọn. Àwọn méjèèjì ń sọ tẹnu wọn fún ara wọn lójúkojú, kò sí ìjà. Ohun tí Pétérù kọ nìyẹn, pé ká múra tán láti dá ẹni tó bá bi wá léèrè ìrètí wa lóhùn, pẹ̀lú ọkàn tútù. Ẹni tó bá ń fi kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú wọn gààrí, ta ni yóò bi í ní nǹkan?

Ẹ wá jẹ́ ká dé Rẹ́mọ. Táí Ṣólàrín dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ó ń sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà, bẹ́ẹ̀ ọmọ onígbàgbọ́ pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, torí àwọn òbí mọ̀ pé ọmọ tó bá lọ síbẹ̀ á kọ́ iṣẹ́, á roko, kò ní ya ọ̀lẹ. Irú ìwé pélébé wo lẹ fẹ́ fi lé ẹni bíi Ṣólàrín lọ́wọ́? Èyí tó ní kó má jalè mọ́ àbí èyí tó ní kó jáwọ́ nínú ìmẹ́lẹ́? Bí ìhìnrere wa bá jẹ́ "wá di ènìyàn rere bíi tiwa," irú bàbá yẹn á rẹ́rìn-ín sí wa, yóò sì jàre. Ohun tí ìhìnrere sọ ni pé gbogbo wa la jẹ̀bi, àtẹni rere àtẹni burúkú, oore-ọ̀fẹ́ sì ni ìgbàlà. Ìyẹn ò ṣe é ké nínú gbohùngbohùn. Àfi kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu ẹni náà, kẹ́ ẹ sì ní ìdáhùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ bíi ti Ṣólàrín ti ń pọ̀ sí i báyìí, inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n sì dàgbà sí. Ẹ̀mí òkùnkùn là ń bá wí lára wọn, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè wọn ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí a ò dáhùn. Fílípì ò pariwo lé ìwẹ̀fà ará Etiópíà lórí. Ó bi í bóyá ohun tó ń kà yé e, ó sì gòkè lọ jókòó tì í nínú kẹ̀kẹ́.

Tíṣà tó ń fi dandan mú ọmọ Mùsùlùmí ṣe ìsìn wa nílé ẹ̀kọ́, abala 38 tó ní ká wàásù yẹn náà ló ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọge tẹ́ ẹ sì ní kó ṣèrìbọmi kẹ́ ẹ tó gbà kó fẹ́ ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á mọ́ ọkàn tẹ́ ẹ jèrè.

Wọ́n á ní, "Bó bá kú lónìí tí a ò tíì wàásù fún un ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, kì í jẹ́ kí èmi náà sùn. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án nìyẹn, kẹ́ ẹ mu omi rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un tààrà pé Jésù lẹ bá wá. Mo ti gbé àbá lọ síwájú ìgbìmọ̀ wa pé ká gbé gbohùngbohùn jù sílẹ̀, kí olúkúlùkù mú ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n dáadáa, kó sì dúró tì í. Ẹnì kan nà ọwọ́ sókè, ó ní báwo la ó ṣe máa kọ ìròyìn rẹ̀. Mo ní ká má kọ ọ́.