Ẹ Wàásù, Ẹ Má Bú Wa

Ní Ọ̀jọ́ta, kí bọ́ọ̀sì Ìbàdàn tó gbéra, oníwàásù kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Ó gbàdúrà ìrìnàjò, gbogbo èrò ọkọ̀ ṣe àmín, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Àfi ìgbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sára ìyá àgbà kan tó so ìlẹ̀kẹ̀ Ifá mọ́ ọrùn ọwọ́. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní ọ̀run àpáàdì ti la ẹnu sílẹ̀ de àwọn ọmọ Èṣù tó wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ìyá náà kò fèsì. Ó rọra fa apá bùbá rẹ̀ bo ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀hún, ó sì kọjú sí fèrèsé. Ẹni tó ń kọ èyí wà níbẹ̀, òun náà dákẹ́, ó sì ń dùn ún di òní.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má wàásù o. Abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù láyè láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, láti tàn án kálẹ̀, àní láti pààrọ̀ rẹ̀ bó bá wù ú. Ẹni tó gbà pé òun ti rí ìyè, tí kò lè pa á mọ́ra, kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà ló dáàbò bo ìyá onílẹ̀kẹ̀. Ó ti sanwó ọkọ̀, ibẹ̀ há mọ́ ọn, kò sí ibi tó lè sá gbà.

Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ tá a fi ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ìwàásù, àdúrà, wòlíì: èdè Lárúbáwá ni gbòǹgbò wọn, ẹnu àwọn Mùsùlùmí la sì ti gbọ́ wọn. Olódùmarè ńkọ́? Àwọn babaláwo ti ń fi orúkọ yẹn ṣe ìwúre kí ajíhìnrere kankan tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. (Pé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wá lọ fi Èṣù pe Sátánì, àṣìṣe ńlá ni lójú tiwa, òun ni oníwàásù Ọ̀jọ́ta sì ń sọ lẹ́nu.) Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, mọ bí a ṣe ń bá ẹlẹ́sìn mìíràn sọ̀rọ̀. Nígbà tó lọ sí ààfin Ìlọrin ní 1872, tí wọ́n ń bi í léèrè ohun tó gbà gbọ́, kò wá ẹjọ́. Bíbélì Yorùbá ló ṣí, ó ń ka ìdáhùn sí wọn létí.

Kò sì hùwà tó ṣàjèjì sí ìwé tó ń kà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Áténì, òrìṣà tó kún ìlú náà bà á nínú jẹ́, síbẹ̀ pẹpẹ tiwọn ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Jésù mọ̀ pé obìnrin ará Samáríà ti ní ọkọ márùn-ún, àmọ́ omi ló kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti àwọn tó ń gbé gbohùngbohùn káàdúgbò láago márùn-ún ìdájí kò ṣòro: ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn kò ní gbọ́ ìhìn rere kankan nínú ariwo yẹn.

Ọwọ́ àwọn olórí ìjọ ni ìyókù wà. Wọ́n máa ń kọ́ àwọn tí wọ́n ń rán jáde bí wọn yóò ṣe ka ẹsẹ Bíbélì, bí wọn yóò ṣe pín ìwé ìléwọ́. Kí wọ́n kọ́ wọn láti tọrọ àyè lọ́wọ́ èrò ọkọ̀, kí wọ́n sì jókòó bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́. Bí ẹnì kan nínú ìjọ wọn bá ti pe arúgbó ní ọmọ Èṣù ní gbangba, kí wọ́n gba Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n sì rán an padà lọ bẹ ìyá náà.