Irọ́ ni pé ẹ̀rọ géèmù tó wá láti òkèèrè kì í ka géèmù ibòmíràn

Bí ènìyàn bá ra ẹ̀rọ géèmù láti orílẹ̀-èdè mìíràn, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ fún un pé, “Géèmù tí wọ́n ń tà níbí ò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ láé, àfi tóo bá gbé e lọ tú.” Ọ̀rọ̀ ayé PlayStation 2 lèyí. Nígbà náà lóòótọ́, PS2 Amẹ́ríkà kì í ka àwo Yúróòpù, ti Japan náà ò sì ka tàwọn yòókù. Nintendo tilẹ̀ di àṣà yìí mú títí dórí Wii, 3DS àti Wii U.

Ó ti tán nísinsìnyí. Ibi yòówù kí wọ́n ti ra àwo PS4, PS4 ibi gbogbo ló ń kà á; bẹ́ẹ̀ náà ni PS5. Microsoft fẹ́ fi irú ààlà bẹ́ẹ̀ sórí Xbox One lọ́dún 2013, àmọ́ àwọn oníbàárà pariwo, Microsoft sì yí ọ̀rọ̀ padà kí ẹ̀rọ ọ̀hún tó dọ́jà. Èyí tí mo máa ní kéèyàn ṣọ́ra fún ni Switch 2 olówó pọ́ọ́kú tí Nintendo ṣe fún Japan lọ́dún 2025: èdè Japan nìkan ló ní, kò sì gba àkáǹtì orílẹ̀-èdè mìíràn.

Inú àkáǹtì gan-an ni àgádágodo wà báyìí. Orílẹ̀-èdè tóo bá mú nígbà tóo ń ṣí àkáǹtì PlayStation lo máa bá lọ, o ò lè yí i padà. Káàdì owó Amẹ́ríkà ò ní wọ àkáǹtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó ń dun àwọn èèyàn jù ni ti àfikún géèmù (DLC), ìyẹn apá géèmù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: àwo rẹ jẹ́ ti Yúróòpù, o wá ra àfikún rẹ̀ lórí àkáǹtì Amẹ́ríkà, owó á lọ, àwo ò sì ní dá àfikún náà mọ̀. Ẹ̀rọ kọ́ ló bàjẹ́ o. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kóo ṣí àkáǹtì kejì tó bá àwo mu, kóo fi ra àfikún, kóo sì fi ẹ̀rọ rẹ ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ àkáǹtì yẹn. Àkáǹtì tóo ti ń lò tẹ́lẹ̀ á lè gbá géèmù náà pẹ̀lú àfikún rẹ̀.

Fíìmù ni ààlà ṣì wà fún: DVD àti Blu-ray Yúróòpù lè kọ̀ lórí PS5 Amẹ́ríkà. Mo fura pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti mú ẹ̀rù náà wá sórí géèmù.

Ní ti iná, ẹ má sáré ra tíránsífọ́mà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ tàbí ṣájà rẹ̀. Tó bá jẹ́ 100–240V, bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ṣe rí, ẹnu plọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa pààrọ̀. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, bíi ti Wii Amẹ́ríkà, iná 240V á jó o.