Rọ́bọ́ọ̀tì ò tíì lé wa kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí, ìrìn ẹsẹ̀ ló gbà lọ́wọ́ wa

Bí mo bá ti pe ilé báyìí, tí ọ̀rọ̀ kan iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí kan ní Northampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè wá nǹkan mìíràn ṣe o, wọ́n ní rọ́bọ́ọ̀tì ti fẹ́ gba iṣẹ́ yẹn." Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí pé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ gan-an ni ò jẹ́ kí wọ́n wò.

Ẹ wo Amazon, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2012 ló fi mílíọ̀nù 775 dọ́là ra Kiva Systems, àwọn tó ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tí ọdún yẹn parí, gbogbo òṣìṣẹ́ Amazon, títí kan àwọn ti ọ́fíìsì, lé díẹ̀ ní 88,000. Nígbà tí 2021 fi máa parí, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 1.6. Rọ́bọ́ọ̀tì ń wọlé, èèyàn náà ń wọlé. Bí ọjà bá ń tètè dé ọwọ́ oníbàárà, á tún rà sí i, ẹni tí yóò sì dì í gbọ́dọ̀ wà.

Kí wá ni rọ́bọ́ọ̀tì gbà? Mick Mountz, tó dá Kiva sílẹ̀ lọ́dún 2003, ti ṣiṣẹ́ rí ní Webvan, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ lọ bá àwọn èèyàn nílé, tó sì wọko gbèsè lọ́dún 2001. Ó rí i pé àárín pẹpẹ ni òṣìṣẹ́ ń rìn kiri jù. Ó wá ní kí pẹpẹ fúnra rẹ̀ máa tọ èèyàn wá. Rọ́bọ́ọ̀tì náà pẹlẹbẹ, á rá wọ abẹ́ pẹpẹ, á gbé e nílẹ̀, á sì gbé e wá bá ẹni tó dúró sójú kan. Ọwọ́ tí yóò fa aṣọ inú ọ̀rá yọ láàárín ife àti ìwé, ọwọ́ èèyàn ṣì ni lọ́pọ̀ ibi.

Ilé-iṣẹ́ tí mo wà ò tilẹ̀ ní rọ́bọ́ọ̀tì. Scanner la ń lò, ẹ̀rọ tó ń ka barcode, ìyẹn àmì onílà tó wà lára ẹrù; kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òun ló ń sọ fún mi pé ọ̀nà 14, pẹpẹ C, ìsàlẹ̀. Mo yìn ín sí barcode, ó dún "píì", ni ìlà kékeré ojú rẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú: ìṣẹ́jú àáyá tó kù kí n dé ibi tó kàn nìyẹn. N kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni mo fi mọ iṣẹ́ náà nítorí rẹ̀, mi ò sì ṣi ẹrù mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọjọ́ kan kọ́ṣẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lè fi kọ́ ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ike ọṣẹ ìfọrun kan jò sára àwọn yòókù. Barcode kọ̀, kò dún. Mo fi apá aṣọ mi nù ún, mo tún un nù, kó tó gbà. Nígbà ìsinmi ni ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa dé, ó ní rate mi, ìyẹn iye ẹrù tí mò ń mú ní wákàtí kan, ti já wálẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ọṣẹ jò. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ ló kọ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Lọ́dún 2020, àwọn oníròyìn Reveal, ní Amẹ́ríkà, tú ìwé àkọsílẹ̀ ìpalára Amazon wò fún 2016 sí 2019, wọ́n sì rí i pé ìpalára ńlá fi ohun tó lé ní ìdá 50 nínú 100 pọ̀ níbi tí rọ́bọ́ọ̀tì wà ju ibi tí kò sí lọ. Ẹni tó ń mú bí 100 ẹrù ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń retí 400 lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà níbi tí rọ́bọ́ọ̀tì wà. Ìrìn àárín pẹpẹ yẹn ń tánni lókun lóòótọ́, àmọ́ inú rẹ̀ náà la ti ń mí. Nígbà tó lọ, èjìká kan náà, ọrùn-ọwọ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde ní oṣù Kẹwàá 2025 pé ìwé abẹ́lé Amazon ń fojú sọ́nà láti yẹra fún gbígba èèyàn tó lé ní 600,000 títí di 2033. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn fún ẹni tí kò tíì wọlé. Àmọ́ ẹni tó wà nínú ilé lónìí, rate ló ń bá fà á.

Ní California, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2022, òfin ti ní kí ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá kọ iye tí wọ́n ń retí sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, iye náà ò sì gbọ́dọ̀ dí i lọ́wọ́ oúnjẹ tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Àbúrò mi kan ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí lọ́jọ́ Ajé. Mo ti sọ fún un pé kó má béèrè bóyá rọ́bọ́ọ̀tì wà. Ẹrù mélòó ní wákàtí kan? Bí mo bá lọ tọ̀, ṣé aago ṣì ń ka? Kó béèrè kó tó fọwọ́ síwèé.